Ogun orí tábìlì: èwo nínú géèmù mẹ́rin yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Warhammer kọjá ní London tàbí Manchester á ti rí wọn lẹ́yìn gíláàsì: jagunjagun tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, oṣó tó na ọ̀pá sókè, èkúté tó wọ ihámọ́ra, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn débi pé ẹyinjú wọn hàn ketekete. Ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe kò le. Ẹni méjì á to ikọ̀ tiwọn sórí tábìlì, wọ́n á fi téèpù wọn íǹṣì tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan lè rìn, wọ́n á ju dáìsì láti mọ ẹni tí idà bà. Yíyan ló le. Oríṣiríṣi ni géèmù yìí, owó wọn kò jọra, olùtajà kan kò sì ní sọ fún yín pé tẹnìkejì ló máa bá yín mu.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n: Age of Sigmar ti Games Workshop (ẹ̀yà rẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ Spearhead ni mo ní lọ́kàn), Kings of War ti Mantic Games, Frostgrave tí Osprey tẹ̀ jáde, àti Age of Fantasy ti One Page Rules. Warhammer 40,000 kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó lókìkí tó, nítorí pé ìbọn àti ọkọ̀ òfuurufú ayé ọjọ́ iwájú ni tirẹ̀. Oṣó, iwin àti idà là ń bá lọ níbí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni alátakò. Ta lẹ máa bá ṣeré, níbo, lọ́jọ́ wo? Géèmù tó wù kó dùn, bí kò bá sí ẹnì kan tó ń ṣe é ládùúgbò yín, orí pẹpẹ ló máa jókòó sí títí eruku á fi bò ó.

Ìkejì ni mo kà sí pàtàkì jù: iye ère tí ẹ gbọ́dọ̀ parí kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé. Lára férémù rọ́bà ni ère kan máa ń wà bí wọ́n ṣe ń tà á, ẹsẹ̀ níhìn-ín, orí lọ́hùn-ún, apá tó di idà mú ní igun kejì. Ẹ ó fi kọ́tà kékeré gé e kúrò. Ẹ ó fi abẹ fá ìlà tín-ín-rín tí mọ́ọ̀dì fi sílẹ̀ sí i lára, nítorí pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ọ̀dà ló máa fi í hàn gbangba. Ẹ ó wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún rọ́bà máa ń yọ́ ojú méjèèjì wọnú ara wọn ni, kì í mú irin tàbí rẹ́sìn (oje tó máa ń le gbagidi), súpágúlù ni tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, ká tó wá sọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan parí ère kan ṣoṣo. Ẹ wá fojú inú wo ọgọ́ta irú rẹ̀. Àpótí tí àwọn èèyàn ń tún tà lórí eBay àti Vinted, tí ère inú wọn kò tíì kúrò lára férémù, kì í wọ́n rárá. Àwọn tó ni wọ́n ti náwó tán kí iṣẹ́ ọwọ́ tó sú wọn.

Ẹ̀kẹta ni owó gan-an. Èyíówù kí ẹ mú, ẹ máa nílò kọ́tà, abẹ, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà ìpìlẹ̀ alágolo, búrọ́ọ̀ṣì méjì àti ọ̀dà bíi mẹ́jọ. Ẹ ya nǹkan bíi £40 sọ́tọ̀ fún ìwọ̀nyẹn, kí ẹ má ṣe kà á mọ́ owó géèmù. Ẹ̀kẹrin ni bóyá òfin eré náà dúró sójú kan, torí pé àwọn kan máa ń yí òfin padà tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé tí ẹ rà kò ní wúlò mọ́ kí ẹ tó kà á tán.

Spearhead: ibi tí èrò pọ̀ sí

Ìlú Nottingham ló ni iṣẹ́ ère kékeré yìí bí Ìsẹ́yìn ṣe ni aṣọ òkè, Games Workshop sì ni baálé wọn níbẹ̀. London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975. Warhammer àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1983, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà wọ FTSE 100, àwùjọ ilé-iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún tó tóbi jù ní ọjà ìdókòwò London. Ère rọ́bà ló gbé wọn débẹ̀ o. Lọ́dún 2015 ni wọ́n pa ayé Warhammer àtijọ́ rẹ́, tí wọ́n fi Age of Sigmar rọ́pò rẹ̀; ìtẹ̀jáde kẹrin rẹ̀, ti ọdún 2024, ló mú Spearhead wá.

Odidi Age of Sigmar ń fẹ́ tábìlì tó gùn ní íǹṣì 60, tó fẹ̀ ní íǹṣì 44. Spearhead kò béèrè ju pátákó 30 sí 22 lọ, tábìlì oúnjẹ inú fúláàtì á gbà á. Àpótí kan ni ikọ̀ kan. Kò sí pé ẹ ń jókòó ṣírò póíǹtì (òǹkà tí wọ́n fi díwọ̀n agbára ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan), kò sí pé ẹ ń yan ohun ìjà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan; ohun tó wà nínú àpótí ni ẹ máa fi jà, ẹnìkejì náà yóò gbé tirẹ̀ wá, ó sì máa ń tó bíi wákàtí kan kí ẹ tó mọ ẹni tó borí. Dáìsì pọ̀ níbẹ̀: ẹ ó jù ú láti mọ̀ bóyá idà bà á, ẹ ó tún jù ú láti mọ̀ bóyá ó gún un wọlé, alátakò yín á wá ju tirẹ̀ láti mọ̀ bóyá ihámọ́ra gbà á là.

Òfin ikọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Àpótí ikọ̀ ló gbówó: ẹ múra £80 sí £100 fún ọ̀kan. Pátákó, ògiri wíwó àti káàdì eré wà nínú àpótí mìíràn tó ń jẹ́ Fire and Jade, àmọ́ ẹyọ kan tó fún ẹni méjì, nítorí náà bí ọ̀rẹ́ yín bá ti ní in, ẹ má ra òmíràn. Iye ère inú àpótí kò dọ́gba. Ti àwọn òmìrán Ogor kò tó nǹkan, ti èkúté Skaven máa ń pọ̀ bí èkúté gan-an. Ẹni tó mọ̀ pé òun kì í ní sùúrù, kó wo iye yẹn kó tó wo ẹwà. Wọ́n tún ní ọ̀dà kan tó ń jẹ́ Contrast, tó jáde lọ́dún 2019, tó máa ń ṣàn wọ inú kòtò aṣọ àti ihámọ́ra fúnra rẹ̀ débi pé ìkùnṣe kan ṣoṣo á ti fi òjìji hàn. Àwọn àgbà eré máa ń pè é ní ọ̀nà ọ̀lẹ. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ lò ó.

Agbára Spearhead ni alátakò. Ṣọ́ọ̀bù Warhammer wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Britain. Ẹ wọlé, ẹ sọ pé ẹ kò mọ nǹkan kan, wọ́n á fún yín ní ère kan kùn, wọ́n á sì kọ́ yín ní eré láì gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún ní ètò kan fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé tó ń jẹ́ Warhammer Alliance, nítorí náà, òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní girama, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ bóyá wọ́n ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó náwó.

Àbùkù rẹ̀ kò fara sin. Ìtẹ̀jáde tuntun ń dé lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta: 2015, 2018, 2021, 2024. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé ikọ̀ tó ń jẹ́ Beasts of Chaos ń kúrò nínú Age of Sigmar pátápátá, tí ọ̀pọ̀ ère àtijọ́ ti ikọ̀ Stormcast náà sì ń bá wọn lọ. Àwọn tó ti kùn wọ́n pẹ̀lú òógùn ojú kò dùn sí i. Ère ilé-iṣẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ gorí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àwọn òyìnbó tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà yìí kì í rántí: agbárí, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀mí àìmọ́ pọ̀ nínú ayé Warhammer. Ìyá tó ń lọ ìsọ́ òru lè ṣí àpótí ikọ̀ Chaos, kó sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó ń kó wọlé. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ mú Stormcast tó wọ ihámọ́ra wúrà, tàbí Seraphon, tí alángbá ni gbogbo wọn.

Kings of War: fún ẹni tó fẹ́ ogun ńlá

Nottingham kan náà ni Mantic wà, ọdún 2008 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Géèmù wọn jẹ́ ti ẹgbàágbèje ọmọ ogun tó tò bí ẹní ń lọ sí ayẹyẹ òmìnira, ìlà lórí ìlà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í kú níbẹ̀. Ọ̀wọ́ kan lódindi ni ẹ ń bá jà, ọgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ń kọ sílẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ á fi já.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ká ní ọ̀wọ́ kan ní òǹkà ìgboyà 14/16, ọgbẹ́ mẹ́jọ sì ti wà lára rẹ̀. Ẹ ó ju dáìsì méjì, ẹ ó ro ọgbẹ́ mẹ́jọ yẹn mọ́ ọn. Bí àpapọ̀ bá tó 14, ọ̀wọ́ náà á mì, kò ní lè ṣe púpọ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Bí ó bá tó 16, wọ́n sá lọ, ẹ kó gbogbo wọn kúrò lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kọlù ló ń ju gbogbo dáìsì, alátakò lè lọ wo ìkòkò lórí iná kó sì padà wá. Nítorí èyí, eré náà yára gan-an fún ìwọ̀n ogun tó ń gbé kalẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìdíje sì máa ń fi aago onímejì bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì ká ara wọn lọ́wọ́ kò.

Ohun tó mú un wù mí ni pátákó ìdúró. Nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í kúrò, ẹ lè lẹ gbogbo ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan mọ́ pátákó kan ṣoṣo, 100 mm sí 80 mm, kí ẹ fi òkúta, kùkùté igi àti koríko dí àlàfo. Ère ogún ni ìwé ń kà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi díẹ̀ sí i, kí ẹ sá ti kọjá ìdajì. Ère ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ló gbà. Síbẹ̀, ikọ̀ kan ṣì máa ń lé ní àádọ́ta ère, tábìlì rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin, ìyẹn ni pé ẹ máa nílò gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tàbí pálọ̀ ńlá. Alátakò sì ṣọ̀wọ́n ju ti Warhammer lọ. Mi ò ní ní kí ẹni tí kò tíì kùn ère rí fi èyí bẹ̀rẹ̀, àfi bó bá ti rí ẹgbẹ́ tó ń ṣe é nítòsí.

(The Old World, tí Games Workshop gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 láti jí Warhammer àtijọ́ dìde, náà jẹ́ ti ìlà lórí ìlà. Ó lẹ́wà, ó gbówó, ère rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tí ọwọ́ yín bá mọ́ ọn.)

Frostgrave: oṣó kan, ère mẹ́wàá, ó tán

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Felstad, tí òjò dídì sin mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Yìnyín rẹ̀ ti ń yọ́ báyìí, àwọn oṣó sì ń rọ́ wọ àwókù rẹ̀ láti kó ìṣúra àti ìwé ọfọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ní ọmọ-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, àti ọmọ ogun mẹ́jọ, ó pọ̀ jù, tí ẹ fi wúrà háyà. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2015, ìtẹ̀jáde kejì lọ́dún 2020, ìyẹn ni kí ẹ rà. Owó rẹ̀ kò ju bíi £25 lọ, kò sì sí ìwé mìíràn tó di dandan.

Àpótí Frostgrave Soldiers ti ilé-iṣẹ́ North Star ní ère 20 nínú, ẹni méjì lè pín in. Ẹ tún lè lo ohunkóhun tó wà nílé, nítorí pé ìwé kò bìkítà nípa ilé-iṣẹ́ tó ṣe ère. Ìdí tí mo fi ń gbé e lárugẹ nìyẹn: láàárín oṣù kan, ẹni tó ń kùn ère méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti ní ikọ̀ tó pé, tó ní àwọ̀, tó sì ti wà lójú ogun.

Dáìsì oníojú ogún ni wọ́n ń lò. Ká ní oṣó yín pàdé jàǹdùkú kan tí oṣó kejì háyà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìjà +2 ni àwọn méjèèjì ní. Ẹ ju 15, ó di 17. Òun ju 6, ó di 8. Ẹ̀yin lẹ borí. Ẹ yọ ihámọ́ra rẹ̀, tó jẹ́ 10, kúrò nínú 17 yín, ó ku 7, ìyẹn ni ọgbẹ́. Ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 10 tẹ́lẹ̀. Ó ku 3. Gbogbo ìjà nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá á lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé bí jàǹdùkú yẹn bá ju 20, oṣó yín ló máa fara gbọgbẹ́, bó ti wù kó mọ ọfọ̀ tó. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí oríire máa da ètò òun rú, inú á máa bí i sí Frostgrave.

Adùn rẹ̀ wà nínú bí eré kan ṣe ń so mọ́ òmíràn. Lẹ́yìn eré kan, ẹ ó ju dáìsì fún ẹni tó ṣubú kí ẹ mọ̀ bóyá ó kú, bóyá ó di alábùkù ara, tàbí bóyá ó kàn dákú. Ìṣúra tí ẹ kó á di wúrà, wúrà á di tafàtafà tuntun tàbí ọ̀pá idán, oṣó yín á máa gbọ́n sí i. Tafàtafà kan tó bá ti yè bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta máa ń di ẹbí, ẹ ó sì sunkún rẹ̀ bí ọmọ Felstad kan bá fi ọ̀fà gbà á. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó borí níbẹ̀rẹ̀ máa ń lágbára jù fún àwọn yòókù; ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dára kó jọ ṣe é, kí wọ́n lè para pọ̀ fa olówó sẹ́yìn.

Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kún fún àwókù, ògiri àti àtẹ̀gùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tafàtafà á pa gbogbo èèyàn tán kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi ìṣúra. Páálí mílíìkì, páálí bàtà àti ọ̀dà eérú á ṣe é. Ẹni tí kò ní alátakò rárá, ẹ wá Rangers of Shadow Deep, tó jáde lọ́dún 2018 láti ọwọ́ ẹni tó kọ Frostgrave. Òfin rẹ̀ bá èyí tan, ẹ̀yin nìkan lè ṣe é, tàbí kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ jọ dojú kọ àwọn ẹ̀dá burúkú tí ìwé náà ń darí.

Age of Fantasy: ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn sì ṣe pàtàkì

One Page Rules fi òfin wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF láì gba owó, ìyẹn òfin ìpìlẹ̀ àti ti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Áàpù wọn, Army Forge, á bá yín ṣírò póíǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ òfin tó jinlẹ̀ ló ń sanwó. Ẹ̀yà méjì ló kan ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: Age of Fantasy fún ọ̀wọ́ ọmọ ogun, àti Age of Fantasy: Skirmish fún ikọ̀ kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá rìn. Ẹ fi Skirmish bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ju dáìsì nínú ìjà kan, akọlù lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sún ẹnì kan, èmi náà á sún ẹnì kan, kò sí pé ẹnì kan ń jókòó lásán fún ogún ìṣẹ́jú. Ikọ̀ wọn jọ ti Warhammer pẹ̀lú orúkọ mìíràn, nítorí náà ère tí Games Workshop ti yọ kúrò nínú òfin tirẹ̀ ṣì máa ń ríbi dúró sí níbẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó kù díẹ̀ káàtó ni pé òfin náà gbẹ díẹ̀; aràrá àti iwin máa ń ja ìjà tó jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó máa kọ́ yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fa ọ̀rẹ́ wọlé.

Fún ẹni tó wà nílé, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ 3D

Fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, owó ìfiránṣẹ́ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù lè sọ àpótí £90 di nǹkan mìíràn pátápátá. Ère bébà ni kí ẹ fi dán an wò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tòkópì, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, ẹ gé e, ẹ fi súpágúlù gbé e dúró lórí ìdérí ìgò mínírà. Òfin One Page Rules tàbí ti Frostgrave kò ní bi yín pé kí ló dé. Tí ẹ bá wá ra ère rọ́bà lẹ́yìn náà, ẹ má fín ọ̀dà alágolo lọ́jọ́ tí òjò ṣú: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di hẹ́nnẹ́-hẹ́nnẹ́ bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ onífọwọ́kùn ló dára fún ilẹ̀ wa.

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀rọ 3D, tí ẹ lè fi tẹ ère jáde nílé, ló ń mú gbogbo rẹ̀ rọjú. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ rẹ́sìn tútù jẹ́ májèlé fún awọ ara, òórùn rẹ̀ kò sì yẹ inú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ìbọ̀wọ́, fèrèsé ṣíṣí, ọtí isopropyl fún fífọ̀ ọ́, iná UV fún mímú un le: iṣẹ́ mìíràn ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn géèmù náà.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó wà ní Britain, tó ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù Warhammer, tí kò sì ní ọ̀rẹ́ kankan nínú eré yìí: Spearhead, àpótí kan, ikọ̀ tí ère rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má ra ìkejì títí ẹ ó fi kùn àkọ́kọ́ tán. Bákan náà ni fún ọmọ tí ẹgbẹ́ Warhammer wà nílé-ìwé rẹ̀. Kí òbí má ṣe fi géèmù mìíràn tó rọjú dí i lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a ṣe é.

Tọkọtaya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí ọ̀rẹ́ méjì sí mẹ́rin tó lè máa pàdé ní pálọ̀ ẹnì kan: Frostgrave. Kí ẹnì kan ra ìwé, kí ẹ jọ pín àpótí ère. Ẹni tó fẹ́ràn kíkùn ju jíjà lọ náà á gbádùn rẹ̀, torí pé ère mẹ́wàá ni, á lè fara balẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó ti ní ère àtijọ́ nínú páálí: Age of Fantasy: Skirmish, lálẹ́ òní gan-an bó bá wù ú. Kings of War wà fún ẹni tó ti rí ẹgbẹ́ tó ń ṣe é, tó ní sùúrù tó fún ikọ̀ ńlá, tó sì fẹ́ kí òfin má ṣe gùn ju ogun lọ. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì láàárín méjì, ẹ lọ wo ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ ka iye tábìlì tí géèmù kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀.